Òǹtẹ̀ Tí Mo Lù Kí Fọ́ọ̀mù Tó Wọlé

Ijapo Estate,
Àkúrẹ́.
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Akínwùmí ọmọ mi, ọkọ mi,

Mo gba ọ̀rọ̀ tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi, mo sì kà á sí bàbá rẹ létí lẹ́ẹ̀mejì, nítorí ó ní òun kò gbọ́ ti àkọ́kọ́ dáadáa. Irọ́ ni. Ó gbọ́ ọ, ó kàn fẹ́ tún un gbọ́ ni. Nígbà tí mo ka ibi tí o ti sọ pé wọ́n ti fún ọ ní tábìlì tìrẹ àti káàdì tí ò ń gbé kọ́ ọrùn, ó dìde, ó lọ dúró lẹ́yìnkùlé, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ó ní eruku ló kó sí òun lójú. Eruku wo ló wà ní Ijapo lẹ́yìn òjò ọjọ́ náà?

Ara tù mí, ọmọ mi. N kò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ jù báyìí lọ. Láti ìgbà tí o ti parí ìwé tí o ń wá iṣẹ́ kiri, tí o máa ń sọ fún mi lórí fóònù pé o ti jẹun, mo máa ń mọ ọjọ́ tí o jẹun àti ọjọ́ tí o kò jẹ. Ohùn rẹ ni mo fi ń mọ̀ ọ́n. Ohùn tí o fi bá mi sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ohùn ẹni tó yó ni. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ tó mú kí n wá àga jókòó. O ní ilé-iṣẹ́ yín ń ṣe búráúsà tuntun, irinṣẹ́ tí èèyàn fi ń wọ orí ayélujára. O ní wọn kò tíì parí rẹ̀, pé iṣẹ́ tìrẹ ni kí o máa dán ẹ̀dà àkọ́kọ́ wò kí gbogbo ayé tó rí i. O wá fi ẹ̀dà náà ránṣẹ́ sí mi. O ní, "Màámi, ẹ bá mi dán an wò, kẹ́ ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ bá rí fún mi." Mo rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni mo da ojú fóònù dé orí itan mi. Bàbá rẹ bi mí pé kí ló dé, mo ní kò sí nǹkan.

Nǹkan wà. Ó ti wà láti ọdún tí o ṣe ìdánwò ìwọlé sí yunifásítì. Wọ́n ní ọbẹ̀ kì í mì nínú àgbà, ṣùgbọ́n èyí ti mì nínú mi tó, mo sì fẹ́ dà á jáde kí o tó jókòó pẹ́ nídìí iṣẹ́ yẹn. Ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Mo ti jìn sí kòtò tí wọ́n fi ọ́ ṣọ́ báyìí.

O mọ ṣọ́ọ̀bù wa ní ẹ̀gbẹ́ Ọjà Ọba, ṣùgbọ́n o kéré nígbà tí a dé ibẹ̀. Ní àwọn ọdún tó le yẹn, ààbọ̀ owó oṣù ni wọ́n ń san fún bàbá rẹ, oṣù mìíràn sì wà tí ààbọ̀ náà kò yọjú. Taípù ni èmi ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn akọ̀wé kan. Nígbà tí kò sí ẹni tó fẹ́ kọ́ taípù mọ́, wọ́n ti ilé-ẹ̀kọ́ náà pa. Mo ta ẹ̀rọ ìránṣọ tí ìyá mi fi sílẹ̀ fún mi, mo fi ra kọ̀ǹpútà àlòkù méjì, mo gba yàrá kan láàárín àwọn aránṣọ, mo sì kọ orúkọ rẹ sára pátákó. Ìyá Akin Kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń pè mí. Mo fẹ́ràn orúkọ náà ju bí mo ṣe ń fi hàn lọ.

Fọ́ọ̀mù ni iṣẹ́ wa: fọ́ọ̀mù ìdánwò, fọ́ọ̀mù iṣẹ́, àyẹ̀wò èsì. Nẹ́tíwọ̀kì wọ́n, ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú ni ó ń jẹ káàdì, epo tí jẹnẹrétọ̀ ń mu sì tún wà níbẹ̀. Nítorí náà gbogbo àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ yìí ní Àkúrẹ́ ló ní ọgbọ́n kan. A ó ki móódẹ̀mù, ẹ̀rọ kékeré tó ń gbé nẹ́tíwọ̀kì wá, bọ ara kọ̀ǹpútà, a ó ṣí ojú ìwé fọ́ọ̀mù, a ó sì tètè yọ móódẹ̀mù náà. Nígbà tí nẹ́tíwọ̀kì ti kúrò nílẹ̀ tí kò jẹ nǹkan mọ́, a ó wá máa fi sùúrù kọ orúkọ, ọjọ́ ìbí, ẹ̀kọ́ tí ọmọ fẹ́ kọ́. Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ bá pé ni a ó tó ki móódẹ̀mù padà, a ó fi fọ́ọ̀mù náà ránṣẹ́, nọ́ńbà ọmọ náà yóò sì jáde. Bí o bá gbàgbé móódẹ̀mù, búráúsà àtijọ́ tí a ń lò yóò sọ fún ọ lójú ẹsẹ̀ pé kò sí nẹ́tíwọ̀kì. Ó lọ́ra bí ìgbín, ṣùgbọ́n kì í purọ́.

Bí nọ́ńbà bá ti jáde, màá tẹ ìwé ẹ̀rí, màá sì lu òǹtẹ̀ pupa kan tí mo ní kí wọ́n gbẹ́ fún mi. Ohun tí ó wà lára rẹ̀ ni Ó TI WỌLÉ. Lẹ́yìn náà màá kó ìwé náà sínú ọ̀rá kí òjò má bà á jẹ́. Àwọn òbí fẹ́ràn òǹtẹ̀ yẹn ju nọ́ńbà lọ. Ẹlòmíràn á ní, "Màdáámù, ẹ bá mi tún un lù lẹ́ẹ̀kan sí i, èyí kò pọ́n dáadáa." Màá tún un lù.

Àbúrò mi Dípọ̀, tí òun náà ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà nílùú wa, Oǹdó, ló mú ẹ̀dà ìdánwò búráúsà tuntun kan wá fún mi nínú fíláàṣì. Ó fi hàn mí bí ó ṣe ń ṣí ojú ìwé kíákíá tí ó sì ń dín owó nẹ́tíwọ̀kì kù. Ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, àwọn tó ṣe é fúnra wọn sọ pé kò tíì jinná o. Ẹ fi ka ìwé ìròyìn, ẹ fi wo lẹ́tà yín. Ẹ má fi ṣe fọ́ọ̀mù ọmọ ẹnikẹ́ni."

Mo ní, "Dípọ̀, ta ló kọ́ ọ ní taípù?"

Ó ní, "Ẹ̀yin ni, mà." Ó rẹ́rìn-ín, ó wọ mọ́tò, ó padà sí Oǹdó.

Nígbà tí mo ń gbé e sórí kọ̀ǹpútà, ìwé gígùn kan jáde lójú rẹ̀. Àwọn tó ṣe é ló kọ ọ́, wọ́n ń kìlọ̀. N kò ka ìlà kan nínú rẹ̀. Mo wá ibi tí wọ́n ti ní kí n tẹ ẹ́ bí mo bá gbà, mo tẹ ẹ́.

Èyí ni ìmọ̀ràn àkọ́kọ́, Akin. Máa ka ohun tí wọ́n bá kọ sílẹ̀ kí o tó ní o gbà, ìbáà jẹ́ ìwé iṣẹ́, ìwé ilé tí o fẹ́ gbà, tàbí ìwé ilé ìfowópamọ́. Mo mọ̀ pé o kì í ka ìwé àlàyé oògùn. Bàbá rẹ ni o fi èyí jọ.

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi gbádùn nǹkan náà. Mo ń fi ka ìwé ìròyìn, mo sì ń fi í fọ́nnu. Gbogbo ẹni tó bá wọlé ni mo ń sọ fún pé kò tíì sí irú rẹ̀ ní gbogbo Ọjà Ọba, pé kódà àwọn tó ní kọ̀ǹpútà mẹ́wàá kò tíì rí i. Bàbá rẹ gbọ́ mi lọ́jọ́ kan. O mọ̀ pé bí inú rẹ̀ bá dùn tàbí tí ó bá bínú, èdè Àkúrẹ́ ló máa ń jáde. Ó ní, "Ìyá Akin, uṣẹ́ ni wọ́n ní kó o máa ṣe, wọn kò ní kó o máa jó." Mo ní kó lọ jókòó.

Ó wá ku ọ̀la kí wọ́n ti fọ́ọ̀mù yunifásítì pa. Fọ́ọ̀mù tìrẹ náà kò tíì lọ, nítorí mo ti ń sún un síwájú pé ta ló máa ń kánjú sí oúnjẹ tó wà nínú ìkòkò tirẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ọmọbìnrin méjì dé láti Ìgbàrà-Òkè. Bùnmi ni ọ̀kan, Tọ́pẹ́ ni èkejì, ọ̀rẹ́ ni wọ́n, kíláàsì kan náà ni wọ́n ti parí. Ó wù mí kí n fi nǹkan tuntun mi hàn wọ́n, mo bá fi búráúsà ìdánwò yẹn ṣí fọ́ọ̀mù.

Ti Bùnmi ni mo kọ́kọ́ ṣe. Ó wọlé, nọ́ńbà rẹ̀ jáde, mo lu òǹtẹ̀. Mo yọ móódẹ̀mù, mo kọ ti Tọ́pẹ́. Aránṣọ ẹ̀gbẹ́ mi ń bá mi sọ̀rọ̀ lójú fèrèsé, mo sì gbàgbé láti ki móódẹ̀mù padà, mo fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Búráúsà tuntun náà kò sọ pé kò sí nẹ́tíwọ̀kì. Ó yí bírí, ó sì gbé nọ́ńbà jáde. Ìgbà náà ni mo rí móódẹ̀mù lórí tábìlì níbi tí mo gbé e sí.

Ó yẹ kí n dúró, ọmọ mi. Ẹni tó ti fi ọdún mẹ́rin ṣe iṣẹ́ yẹn mọ̀ pé nọ́ńbà kì í jáde láìsí nẹ́tíwọ̀kì. Ṣùgbọ́n mo sọ fún ara mi pé bóyá ọgbọ́n tí Dípọ̀ ń sọ nìyẹn, pé ó máa ń dín owó kù. Inú mi tilẹ̀ dùn. Mo lu òǹtẹ̀ fún Tọ́pẹ́, mo kó o sínú ọ̀rá, mo ní kí wọ́n kí ìyá wọn. Lẹ́yìn tí wọ́n lọ, mo kọ fọ́ọ̀mù tìrẹ, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ fi móódẹ̀mù sílẹ̀ lórí tábìlì kí n lè fi owó yẹn pamọ́. Nọ́ńbà tún jáde. N kò wò ó dáadáa. Mo lu òǹtẹ̀ fún ìwọ náà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé nǹkan tí kò tíì jinná yẹn ti tọ́jú nọ́ńbà Bùnmi sínú, ó sì ń pín in fún ẹnikẹ́ni tó bá tẹ̀ lé e. Fọ́ọ̀mù Tọ́pẹ́ kò lọ síbì kankan. Tìrẹ náà kò lọ. Ìwọ ń sùn nínú yàrá rẹ, o rò pé o ti di ẹni tó máa ṣe ìdánwò.

Nínú bọ́ọ̀sì Ìgbàrà-Òkè ni àṣírí ti tú. Àwọn ọmọ méjèèjì mú ìwé wọn jáde láti wo fọ́tò ara wọn, wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n sì rí i pé nọ́ńbà kan náà ni. Tọ́pẹ́ délé, ó fi han ìyá rẹ̀. Bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì ló gbé tìyá tọmọ wá. Mo ń gbálẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí mo rí wọn.

Ìyá Tọ́pẹ́ kò mọ̀wé. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, oko ẹ̀gẹ́ ni wọ́n fi ń jẹun. Kò pariwo. Ó na ọ̀rá méjèèjì sí mi, nítorí ó ti gba ti Bùnmi náà dání, ó ní, "Màdáámù, ẹ kú uṣẹ́. Mi ò mọ ùwé kà, ṣùgbọ́n mo mọ nọ́ńbà wò. Ṣé ọmọ méjì lè jókòó sórí àga kan?"

Mo gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Mo ní kí wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìta, pé kí n wò ó. Mo wọlé, mo mú tìrẹ jáde látinú báàgì mi. Nọ́ńbà kan náà ni. Òǹtẹ̀ pupa mi sì pọ́n lórí rẹ̀ dáadáa.

Ìmọ̀ràn kejì nìyí, kí n má baà gbàgbé: bí ẹni tó ń lo nǹkan tí ẹ ṣe bá ní ohun kan kò tọ̀nà, má sọ fún un pé kò mọ̀ ọ́n lò. Èmi tí mo kàwé, tí mo ní òǹtẹ̀, n kò rí i. Ẹni tí kò mọ̀wé ló rí i. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí, kò sì sí ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ ojú ní bí ó ṣe máa ríran. Bí ìyá arúgbó kan bá kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ yín láti abúlé kan pé nǹkan yín ń ṣe báyìí báyìí, jọ̀wọ́, Akin, kà á tán.

Mo fẹ́ sọ èyí tó kù báyìí. N kò sọ ọ́ fún bàbá rẹ rí.

Mo tan jẹnẹrétọ̀, mo padà sórí búráúsà àtijọ́, mo ki móódẹ̀mù. Nẹ́tíwọ̀kì ń wá díẹ̀díẹ̀, ó ń lọ, ó ń bọ̀. Mo mọ̀ pé kò dá mi lójú pé yóò dúró ṣe fọ́ọ̀mù méjì. Tọ́pẹ́ àti ìyá rẹ̀ wà lórí bẹ́ǹṣì, ìgbésẹ̀ mẹ́ta sí mi. Àwọn ló kọ́kọ́ dé, àwọn ló sanwó, àwọn ló jí wá láti Ìgbàrà-Òkè. Mo ṣí fọ́ọ̀mù, mo sì kọ orúkọ rẹ.

Mo rán ara mi létí pé ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Òwe tó dára ni, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn mo fi í bo ìtìjú mi mọ́lẹ̀. Mo fi tìrẹ ránṣẹ́. Ó wọlé. Nọ́ńbà tìrẹ gan-an jáde. Mo ṣí ojú ìwé mìíràn láti kọ ti Tọ́pẹ́, nẹ́tíwọ̀kì sì kú. Mo yọ móódẹ̀mù, mo tún un kì, mo gbé e sójú fèrèsé, mo gbé e sókè orí mi. Ó kú pátápátá. Mo jáde, mo bi àwọn tó ní ṣọ́ọ̀bù bíi tèmi, kò sí ní ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n sì máa ti fọ́ọ̀mù pa.

Ìyá Tọ́pẹ́ bi mí pé báwo ni. Mo ní, "Nẹ́tíwọ̀kì ni, mà." Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ààbọ̀ rẹ̀ ni mo sọ. Tọ́pẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún láìjẹ́ kí ohùn jáde, ó fi etí aṣọ bo ẹnu. Ọmọ náà ti ṣe ìdánwò yẹn lẹ́ẹ̀kan tẹ́lẹ̀, kò yege. Ìyá rẹ̀ sọ fún mi pé bàbá rẹ̀ ti ní èyí ni ìkẹyìn, pé bí kò bá bọ́ sí i lọ́dún yẹn, kó wá kọ́ṣẹ́ tàbí kó lọ́kọ.

Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Mo pe Dípọ̀. Ó ní nẹ́tíwọ̀kì wà ní Oǹdó. Mo ti ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo fi àwọn oníbàárà tó ń bọ̀ sílẹ̀, mo mú ìyá àti ọmọ, a wọ mọ́tò lọ sí Oǹdó. Epo ti wọ́n lọ́jọ́ náà débi pé èrò kò tètè kún, mo bá ní kí awakọ̀ máa lọ, pé èmi ni màá jókòó fún àyè tó ṣófo. Ní gbogbo ojú ọ̀nà yẹn, ojú fèrèsé ni Ìyá Tọ́pẹ́ kọjú sí. Ó di ọ̀rá ọmọ rẹ̀ mú sórí itan, ó ń wo igbó kòkó tó ń sáré kọjá. Èmi kò lè wo ojú rẹ̀. Ìwé tìrẹ, tó tọ̀nà, wà nínú báàgì mi.

Ṣọ́ọ̀bù Dípọ̀ kún fọ́fọ́. Gbogbo ọmọ tó sún fọ́ọ̀mù síwájú ní ìlú Oǹdó ló wà níbẹ̀. Mo kúnlẹ̀, Akin. Èmi ìyá rẹ kúnlẹ̀ níwájú àwọn ọmọ tí mo lè bí, mo ní, "Ẹ jọ̀wọ́, èmi ni mo ba tirẹ̀ jẹ́, ẹ jẹ́ kó ṣáájú yín." Ọmọkùnrin kan tó jókòó sí ìdí kọ̀ǹpútà dìde. Ó ní, "Màmá, ẹ dìde, ẹ wá jókòó." Dípọ̀ wò mí, kò sọ pé "mo wí bẹ́ẹ̀". Mo ṣì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọ̀rọ̀ tí kò sọ yẹn.

Ó ti lé ní aago mẹ́ta kí fọ́ọ̀mù náà tó wọlé. Nọ́ńbà jáde. Ìyá Tọ́pẹ́ gba ìwé náà, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Bùnmi, ó fi ìka wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní, "Kò jọra." Ó wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù náà, ó na ẹsẹ̀, ó mí. Èmi ni mo wá bú sẹ́kún. Ìyàwó Dípọ̀ gún iyán fún wa, gbogbo wa jẹ ẹ́ tán pátápátá. N kò jẹ iyán tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi, mo sì jẹ iyán Oǹdó dàgbà.

Nígbà tí mo padà délé, mo fún ọ ní ìwé tuntun. O bi mí pé kí ló ṣe ti àná, mo ní fọ́tò rẹ̀ kò mọ́. O gbà á, o lọ ń gbá bọ́ọ̀lù. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Èyí kò tilẹ̀ tó ogún.

Nítorí náà gbọ́ mi. Ó yẹ kí n to ìmọ̀ràn yìí ní ẹẹ́ta, ẹẹ́rin, ṣùgbọ́n mo ti sọ iye rẹ̀ nù, ìwọ bá mi kà á.

Iṣẹ́ tí wọ́n fún ọ dára. Ó yẹ kí ẹnì kan máa dán nǹkan wò kí ó tó dé ọwọ́ Tọ́pẹ́. Ẹ̀bi ẹ̀dà ìdánwò yẹn kọ́ ni ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa. Àwọn tó ṣe é kìlọ̀, Dípọ̀ náà kìlọ̀. Èmi ni mo gbé ohun tí kò jinná fún ọmọ ọlọ́mọ jẹ. Bí o bá fẹ́ dán nǹkan wò, ohun tìrẹ ni kí o fi dán an wò. Bí nǹkan bá bàjẹ́ tí ẹ fẹ́ gbà á là, ti ẹlòmíràn ni kí o kọ́kọ́ gbà là. Èmi ṣe méjèèjì sódì.

Má lu òǹtẹ̀ sórí ohun tí o kò rí kó wọlé. N kò bìkítà bí ọ̀gá rẹ bá ń kánjú. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí wọ́n bá bi ọ́ pé ṣé ó ti dára, tí kò tíì dá ọ lójú, sọ pé kò tíì dá ọ lójú. Ìtìjú ọ̀rọ̀ yẹn kì í pẹ́ rárá lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí mo gbé kiri.

Bí o bá ṣe àṣìṣe, sọ pé ìwọ ni. Má sọ pé nẹ́tíwọ̀kì ni. Èmi kò rí ìrànlọ́wọ́ gbà ní Oǹdó títí mo fi sọ fún àwọn ọmọ yẹn pé èmi ni mo bà á jẹ́.

Àti pé kí o máa jẹun láàárọ̀. Kí o máa kí ẹni tó ń gbálẹ̀ ní ibi iṣẹ́ yín kí o tó kí ọ̀gá. Kí o máa pe bàbá rẹ. Èmi kọ́ nìkan ni mo ní fóònù nínú ulé yìí, gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ti sọ.

Ó ku ohun kan. Lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ rẹ dé, mo rí i pé n kò lè kọ lẹ́tà yìí sí ọ kí n tó kọ́kọ́ sọ òtítọ́ fún ẹni tó ni ín. Lánàá, ọjọ́ Sátidé, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ìgbàrà-Òkè. Kò ṣòro láti rí wọn. Tọ́pẹ́ ti di olùkọ́, ó ti bímọ méjì, ilé-ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ kò jìnnà sí ilé ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti funfun lórí. Ó ń sá ẹ̀gẹ́ lójú oòrùn, ó gbé àpótí fún mi, ó bu omi. Mo ní n kò tíì fẹ́ mu, pé ọ̀rọ̀ kan ń bẹ lọ́kàn mi. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo sọ fún un pé lówùúrọ̀ ọjọ́ yẹn, nígbà tí nẹ́tíwọ̀kì ṣì wà, ọmọ tèmi ni mo kọ́kọ́ ṣe.

Ó ń yí ẹ̀gẹ́ rẹ̀ padà lójú oòrùn lọ. Ó ní, "Mo mọ̀."

Mo ní, "Ẹ mọ̀ kẹ̀?"

Ó ní, "Fèrèsé yín kò ní kọ́tìnì, Ìyá Akin. Mo rí fọ́tò ọmọ yín lójú kọ̀ǹpútà. Ọmọ ọkùnrin, etí rẹ̀ ńlá." Etí rẹ ló rántí, Akin.

Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ̀rọ̀. Ó ní òun fẹ́ wò ó bóyá màá padà sí ti ọmọ òun. Ó wá gbé ojú sókè fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó ní, "Bó bá jẹ́ èmi ni mo jókòó sídìí ẹ̀rọ yẹn, ọmọ tèmi ni màá kọ́kọ́ ṣe. Ohun tí mi ò mọ̀ ni bóyá màá tìtorí ọmọ yín dé Oǹdó." Ó na ife omi náà sí mi lẹ́ẹ̀kejì. "Ẹ mu omi yín, mà."

Mo mu ún. Mo mu ún tán, mo ní kó tún bu sí i.

Mo fi ìwé kan sínú àpòòwé yìí. Kò tíì kúrò nínú ọ̀rá rẹ̀. Fọ́tò rẹ wà lórí rẹ̀ pẹ̀lú etí rẹ, nọ́ńbà Bùnmi wà níbẹ̀, òǹtẹ̀ mi sì ṣì pọ́n. Gbé e sórí tábìlì tí wọ́n fún ọ, níbi tí ojú rẹ yóò ti máa bá a pàdé. Èmi náà ti gbé ẹ̀dà ìdánwò yín sórí fóònù mi. Mo ka ìkìlọ̀ rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó gbà mí ní gbogbo ọ̀sán. Ìwé ìròyìn nìkan ni màá fi kà.

Èmi tí mo bí ọ, tí ọkàn mi ti balẹ̀ wàyí,

Màmá rẹ, Ìyá Akin Kọ̀ǹpútà.